Ìjọba Kọ́ Ló Máa Yá Yín Lówó: Èsì fún Nọ́ọ̀sì Kan ní Houston

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, mo sì ti di sítísìn Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ ra franchise, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ àti ìlànà wọn ṣòwò, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn àgbàlagbà. Gbogbo ohun tó máa ná mi, àti owó orúkọ wọn, jẹ́ $185,000. Mo ní $30,000 nílẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Maryland, green card ló ní, ó fẹ́ mú $20,000 wá kó lè ní ìdámẹ́rin ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń bá mi wá franchise yìí ní kí n lọ gba owó SBA. Ó ní ìjọba ló ń yáni, àti pé bí iṣẹ́ bá dẹnu kọlẹ̀, ìjọba náà ni yóò san án. Ṣé òótọ́ ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Èsì: Ẹ ṣeun, màdáámù, tí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí ò lè di odindi nínú ẹnikẹ́ni.

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá àjọ Small Business Administration (SBA) sílẹ̀ ní 1953 láti máa ti àwọn oníṣòwò kéékèèké lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nínú ètò tí wọ́n ń bá yín sọ, èyí tí wọ́n ń pè ní 7(a), SBA kì í bu owó kankan fúnni. Báńkì ló ń yáni. Onídùúró ni SBA. Gbogbo wa la sì mọ iṣẹ́ onídùúró láti ilé: olówó ló ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kì í ṣe ẹni tó jẹ gbèsè. Bí ẹni tó yáwó bá sá, onídùúró á san, lẹ́yìn náà á wá yíjú sí i. Bí owó náà bá jẹ́ $150,000 tàbí tó dín sí i, SBA dúró fún ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 75. Báńkì ni àwọn nọ́ńbà yẹn kàn. Ní tiyín, ọgọ́rùn-ún pé lẹ jẹ, títí dórí sẹ́ǹtì tó kẹ́yìn.

Ẹ má sì rò pé LLC, ilé-iṣẹ́ tí òfin yà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ni ín, tí ẹ máa dá sílẹ̀ á gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di dandan kó fọwọ́ síwèé pé òun fúnra òun dúró fún gbèsè náà, láìsí "àyàfi" kankan nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dojú dé, báńkì á kọ́kọ́ ta ohun tó bá rí tà. SBA á san ìpín tó dúró fún. Lẹ́yìn ìyẹn, gbèsè yín á bọ́ sọ́wọ́ Treasury, ilé-ìṣúra ìjọba. Láyé àtijọ́, olówó á rán ológò wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígbèsè, á máa jẹun ilé náà, á máa pariwo, títí wọn ó fi san án. Treasury kì í jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kàn mú owó orí tó yẹ kí wọ́n dá padà fún yín, wọ́n sì lè gé lára owó iṣẹ́ yín láìjẹ́ pé wọ́n lọ sí kóòtù. Lójú tèmi, ológò àtijọ́ sàn. Ó kéré tán, èèyàn rí ẹni tó máa bá jà.

Ibì kan wà tí Texas ti ṣe yín lóore. Òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ yẹn kì í jẹ́ kí báńkì so ilé tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbé mọ́ gbèsè iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn. Ilé kejì tí ẹ fi háyà fún ẹlòmíràn kò sí nínú ààbò yìí o. Ti ilé tí ẹ ń kọ́ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, bí ẹ bá ní, báńkì Amẹ́ríkà ò lè fi ṣe ohun ìdógò tó nílááárí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù 413, níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ to gbogbo dúkìá àti gbèsè yín. Mo ti rí ẹni tó fi ilé bẹ́ẹ̀ pamọ́ nítorí ó rò pé kò kàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n rí owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù nínú ìwé báńkì rẹ̀, ìbéèrè wá di ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ọ̀rọ̀ àbúrò yín, torí òun ló lè da gbogbo nǹkan yìí rú kí ẹnikẹ́ni tó wo iye owó tí ẹ ní.

Tẹ́lẹ̀, bí àwọn sítísìn àti oní-green card bá ti ní ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́, ó tán. Láti oṣù Kẹfà 2025, SBA ní gbogbo ìpín pátá ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2026, wọ́n tún fún un pa: oní-green card pàápàá ò lè ní ìpín kankan mọ́ nínú ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba owó yìí, ìbáà ṣe ìdá kan péré. Mi ò fẹ́ràn òfin náà rárá. Mo mọ iye àwọn ará wa tó jẹ́ pé green card ni wọ́n fi ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ wọn, tí wọ́n sì san gbèsè wọn tán. Ṣùgbọ́n òun ló wà nílẹ̀ lónìí, kò sì sí báńkì tó máa torí yín rú u.

Mo ti mọ ohun tí ẹnì kan nínú ẹbí máa sọ: "Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórúkọ ẹ̀gbọ́n, àwa la mọ bá a ṣe pín in." Ẹ má dán an wò. Fọ́ọ̀mù 1919 á bi yín léèrè ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà gan-an, ẹ̀wọ̀n sì ń bẹ fún ẹni tó bá parọ́ níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìjọba, ẹ ro ti àbúrò yín náà. Bí iṣẹ́ bá yọrí, kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Bí nǹkan bá ṣe yín, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí ló máa kó kalẹ̀ níwájú ọkọ yín àti àwọn ọmọ yín? Mélòó nínú ìjà ẹbí tá a mọ̀ ni ò ti ibi "àwa la mọ ara wa" bẹ̀rẹ̀?

Bó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ̀bùn ni kó jẹ́. Á kọ lẹ́tà pé òun fún yín ní $20,000, òun ò retí kí ẹ dá a padà, òun ò sì ní ìpín nínú iṣẹ́ náà. Kí ó sì rí bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ gbà á padà lọ́jọ́ kan, gbèsè nìyẹn. Ẹ pè é ní gbèsè níwájú báńkì. Wọ́n lè ní kó dúró sẹ́yìn láìgba kọ́bọ̀ títí tiwọn yóò fi tán. Tàbí kẹ̀, kó fi owó rẹ̀ pamọ́ títí tó fi máa di sítísìn, kí ẹ wá jọ jókòó sọ ọ̀rọ̀ ìpín nígbà náà.

Ó ṣe tán, ẹ ò nílò owó rẹ̀ láti kọjá ẹnu ọ̀nà. Fún iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, SBA ní kí ẹni tó yáwó fi ó kéré tán ìdá mẹ́wàá gbogbo ìnáwó sílẹ̀ láti àpò ara rẹ̀. Ìdá mẹ́wàá $185,000 jẹ́ $18,500. $30,000 yín ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báńkì mìíràn lè ní ìdá 20 lòun ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ò tíì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n máa tú wò ni ibi tí owó náà ti wá. Bí $12,000 nínú rẹ̀ bá jẹ́ àjọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lóṣù tó kọjá, tó wọlé látọ̀dọ̀ èèyàn mẹ́jọ lórí Zelle, ètò tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, ojú ẹni tí ò mọ àjọ ni wọ́n máa fi wò ó, wọ́n á sì rò pé ẹ ti yá a níbì kan. Kí olórí àjọ kọ ìwé, kí ó ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń dá a àti ìgbà tí ó kàn yín. Èyí tó tún dára jù ni kí owó náà ti sùn nínú àkáǹtì yín fún oṣù méjì, ó kéré tán, kí ẹ tó gbé ìwé lọ, torí wọ́n á béèrè fún ìwé báńkì yín.

Kí n má gbàgbé: ṣé ẹ gba EIDL, owó tí SBA fúnra rẹ̀ yá àwọn oníṣòwò nígbà Kòrónà? Ọ̀pọ̀ ló gbà á, wọ́n sì rò pé ìjọba ti gbàgbé. Bí ẹ bá ti dá sísan rẹ̀ dúró, tàbí tí owó ilé-ìwé tí ìjọba yá yín ti di gbèsè tí ẹ ò san, wọ́n á rí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ orúkọ yín sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ lọ tún ìyẹn ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò wàyí. Bí ẹ bá fi $30,000 sílẹ̀, ó ku $155,000. Ẹ ti kọjá $150,000 nìyẹn, ìdá 75 ni SBA sì máa dúró fún, ìyẹn $116,250. SBA máa ń gba owó onídùúró, báńkì ló ń san án, yóò sì tì í sí yín lọ́rùn. Nínú ọdún ìṣúná tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2025, ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìpín tó dúró fún ni fún irú owó yín: $3,487.50. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè wá $5,000 sí i, tí owó tí ẹ yá fi jẹ́ $150,000 géérégé, ìdá 85 ni wọ́n máa dúró fún, ìdá méjì péré ni wọ́n sì máa gbà lórí rẹ̀: $2,550. Ẹ ti jèrè nǹkan bí $937 nìyẹn, báńkì náà á sì túbọ̀ fẹ́ràn yín, torí ewu tirẹ̀ ti dín. Ọdọọdún ni owó onídùúró yìí lè yí padà, nítorí náà ẹ béèrè tọdún yín.

Èlé ńkọ́? Kì í ṣe ìjọba ló ń yàn án. Òkè tí báńkì ò gbọdọ̀ kọjá ni wọ́n fi sílẹ̀. Fún owó tó ju $50,000 lọ tí kò ju $250,000, báńkì ò lè fi ju ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ lórí prime, èlé òdiwọ̀n tí àwọn báńkì ńlá ń lò. Ẹni tó yá ju $350,000 lọ, bí èlé rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń bá prime yí, ìdá mẹ́ta péré lórí prime ni òkè tirẹ̀. Ẹni kékeré ló ń san èlé ńlá, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ sì béèrè bóyá èlé náà dúró sójú kan tàbí ó ń bá prime gòkè sọ̀kalẹ̀. Èyí tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ ló wọ́pọ̀. Ká ní ìdá 11 ni wọ́n fún yín, lórí $155,000, fún ọdún mẹ́wàá, èyí tó jẹ́ ìwọ̀n àkókò fún irú owó tí kò sí ilé tàbí ilẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ó máa san nǹkan bí $2,135 lóṣù. Lápapọ̀, ẹ ó san tó $256,000. Báńkì kì í sì í fẹ́ kí èrè yín kàn tó owó yẹn ṣánṣán; púpọ̀ nínú wọn fẹ́ kí dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25 wà nílẹ̀ fún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ẹ jẹ. Nǹkan bí $2,670 lóṣù nìyẹn, lẹ́yìn tí ẹ ti san háyà, òṣìṣẹ́ àti gbogbo ìnáwó. Ẹ̀yin fúnra yín ò tíì jẹun o.

Ní ti franchise náà, ẹ lọ wo SBA Franchise Directory, ìwé orúkọ àwọn franchise tí SBA fọwọ́ sí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Wọ́n pa ìwé orúkọ yìí tì ní 2023, wọ́n dá a padà ní 2025. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rà kò bá sí níbẹ̀, báńkì ò lè fún yín ní owó yìí.

Lẹ́yìn náà ni ìwé tí wọ́n ń pè ní FDD, níbi tí ilé-iṣẹ́ franchise ti gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tó ń tà fún yín. Òfin FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìṣòwò, sọ pé kí ó wà lọ́wọ́ yín fún ọjọ́ 14 gbáko kí ẹ tó fọwọ́ síwèé tàbí san kọ́bọ̀. Orí 23 ló ní. Ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ ni ẹ máa kà á tán. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń ti àṣálẹ́ ṣiṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín wá franchise yìí kà á fún yín. Ẹ̀yìn ìwé yín ni ẹni yẹn ti ń jẹun: ilé-iṣẹ́ franchise ló máa ń san owó fún irú alárinà bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé. Mi ò sọ pé ènìyàn burúkú ni, àmọ́ ẹ mọ ẹni tó rán an níṣẹ́.

Orí kẹfà FDD ni ẹ ti máa rí ohun tí ẹ ó máa san lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á. Mo máa ń pè é ní ìṣákọ́lẹ̀, torí òun gan-an ni: orí ilẹ̀ onílẹ̀ lẹ ti ń dáko. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé onílẹ̀ ilé wa máa ń wo ojú ọjọ́. Bí ọ̀gbìn ò bá ṣe dáadáa, èèyàn lè lọ bẹ̀ ẹ́. Àwọn wọ̀nyí, orí gbogbo owó tó wọlé ni wọ́n ti ń bu tiwọn, ẹ jèrè o, ẹ ò jèrè o. Ẹ wo orí 19 náà. Bí wọ́n bá kọ iye tí àwọn tó ti rà á ń pa síbẹ̀, ẹ lè fi gbe ìṣirò yín lẹ́sẹ̀ níwájú báńkì. Òfin ò fi dandan mú wọn láti kọ ọ́. Bó bá ṣófo, ẹ bi wọ́n ní ìdí.

Orí keje ló ti máa ń dùn mí jù. Ibẹ̀ ni $185,000 yín ti wá. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún owó tí ẹ ó fi máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì sábà máa ń kà níbẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, oṣù mẹ́ta ò dé ibì kan. Ẹ kọ́kọ́ ní láti gba HCSSA, ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìtọ́jú nílé, lọ́wọ́ àjọ ìlera ìpínlẹ̀ Texas, háyà ọ́fíìsì yín á sì máa pọ̀ sí i bí ẹ ti ń dúró. Nígbà tí iṣẹ́ bá wá dé, àwọn tó ń fi owó ara wọn san á san kíá. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú Medicaid (ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kéré), VA (àjọ tó ń tọ́jú àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì) àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ẹ ó ṣiṣẹ́ ná, ẹ ó fi bíìlì ránṣẹ́, ẹ ó wá jókòó máa retí. Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbójú lé kì í san owó ìwẹ̀, oúnjẹ sísè àti ìbákẹ́gbẹ́ nígbà tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni aláìsàn nílò. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì mọ èyí jù mí lọ.

Àwọn olùtọ́jú yín kì í retí. Ká ní ẹ ní mẹ́wàá, tí kálukú ń ṣe wákàtí 30 lọ́sẹ̀ ní $14. $4,200 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan. Bí owó àkọ́kọ́ bá pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ti san $25,200 jáde láì ka owó orí òṣìṣẹ́. Oníbàárà wà lẹ́yìn yín, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ yín, síbẹ̀ àkáǹtì ti gbẹ. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo rí jù nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka owó yíyá: àìríṣẹ́ kọ́ ló pa wọ́n, iṣẹ́ tó yára pọ̀ ju owó ọwọ́ wọn lọ ni. Nítorí náà, ẹ má tìjú láti sọ fún báńkì pé $185,000 kò tó, pé ẹ fẹ́ fi owó oṣù mẹ́ta mìíràn kún un. Òfin 7(a) gbà á. Báńkì tó gbọ́n á bọ̀wọ̀ fún yín nítorí rẹ̀, ìdámẹ́wàá yín á kàn ga díẹ̀ sí i. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀bùn àbúrò yín ti máa wúlò jù, nínú àpò tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn títí iṣẹ́ yóò fi pé oṣù mẹ́sàn-án.

Bó bá jẹ́ èmi ni, n ò tiẹ̀ ní ra agbègbè tuntun. Màá wá ẹni tó ti ń ṣe franchise kan náà, tó ti rẹ̀, tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, màá ra tirẹ̀. Ìwé owó orí rẹ̀ wà fún báńkì láti wò, ìwé àṣẹ rẹ̀ jẹ́ ohun tí agbẹjọ́rò lè wádìí bí ẹ ṣe máa jogún rẹ̀ tàbí gba tiyín, oníbàárà sì ti wà nílẹ̀. Ẹni tó ń tà á pàápàá lè fi díẹ̀ nínú owó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́rùn yín; bó bá gbà láti má gba kọ́bọ̀ kankan títí gbèsè báńkì yóò fi tán, SBA lè ka ìyẹn mọ́ ìdajì nínú ìdá mẹ́wàá tí ẹ gbọ́dọ̀ mú wá. Ó ṣòro kí èèyàn rí ẹni tó máa gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ò ná ni lówó.

Fún báńkì, ẹ wá èyí tí SBA fún ní àṣẹ PLP, torí wọ́n lè parí ìpinnu sọ́dọ̀ ara wọn láìfi ìwé yín ránṣẹ́ sí SBA kó tún lọ jókòó níbẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ dé ọ̀dọ̀ SBDC, ibùdó ìmọ̀ràn fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, ti University of Houston. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn, wọ́n á sì bá yín to ìṣirò ọdún àkọ́kọ́ lóṣooṣù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín "wá ọ̀nà sí SBA", ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Ní ọjọ́ ìsinmi yín tó ń bọ̀, ẹ ṣí FDD sí orí 20. Orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó ní franchise náà wà níbẹ̀, àti ti àwọn tó fi í sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Àwọn tó fi í sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ má bi wọ́n bóyá ilé-iṣẹ́ náà dára. Ẹ bi wọ́n pé: ọ̀sẹ̀ mélòó ló kọjá láàárín ọjọ́ tí ẹ san owó òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ wọlé? Ẹ kọ ohun tí ẹni márùn-ún bá sọ sílẹ̀, kí ẹ mú ìwé yẹn lọ bá báńkì.